Búlúù Tó Ń Rọra Lọ

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ẹnjiníà ní Calgary, lókè òkun níbí, iṣẹ́ tí mo gbà sọ́wọ́ nínú ilé wa ní Chestermere ni kí n máa lọ aṣọ iṣẹ́ ìyàwó mi. Nọ́ọ̀sì ni. Ó ní èyí tó jẹ́ búlúù, ó ní aláwọ̀ ewé, á sì sọ èyí tó fẹ́ wọ̀ fún mi kó tó lọ wẹ̀. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Ooru áyọ́ọ̀nù á máa fẹ́ sí mi lójú, snow á máa bọ́ níta láìdún, èmi á sì dà bí ẹni tó ń sùn lórí ìdúró.

Lásìkò yẹn, ayé ti ń rọ̀ lójú mi. Tí a bá ń rìn létí adágún odò ìlú wa, omi àti ojú ọ̀run á pa pọ̀ di nǹkan kan ṣoṣo, bí ẹfun tí a pò mọ́ eérú. Mo rò pé bí ìmọ́lẹ̀ ìlú yìí ṣe rí nìyẹn. Kò dùn mí. Kódà, ó ń tù mí lára.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyàwó mi ní búlúù lòun máa wọ̀. Aláwọ̀ ewé ni mo lọ̀. Lọ́jọ́ kejì mo tún ṣe bẹ́ẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé aṣọ méjèèjì sún mọ́ fèrèsé.

“Daddy, ẹ wò wọ́n dáadáa. Ṣé ọ̀kan náà ni wọ́n lójú yín?”

Mo ní ọ̀kan kàn dúdú ju èkejì lọ díẹ̀ ni. Ó pe dókítà ojú kó tó jáde nílé.

Dókítà náà jẹ́ obìnrin tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Mo ti ka gbogbo lẹ́tà ara ògiri láìṣi ọ̀kan, inú mi sì ti ń dùn, kó tó gbé àpótí kékeré kan ka iwájú mi. Àwọn nǹkan róbótó bí ìdérí ìgò ló wà nínú rẹ̀, àwọ̀ wọn ò jọra. Ó ní kí n tò wọ́n, kí àwọ̀ kan máa rọra wọnú òmíràn. Ó bo ojú òsì mi, mo tò wọ́n. Ó dà wọ́n rú, ó bo ọ̀tún. Ẹ̀ẹ̀kejì yìí gan-an ni mo gbádùn jù. Ó dà bí ẹni pé ìrọ̀lẹ́ ni mò ń tò, láti ìgbà tí oòrùn wọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mi ò ṣiyèméjì rárá. Nígbà tó yí wọn padà, nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ìdí wọn ti dàrú pátápátá, ti ojú ọ̀tún ò dàrú tó bẹ́ẹ̀.

Ó ṣàlàyé pé tí ojú kan bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣi búlúù mú lọ́jọ́ ogbó, nǹkan lè ti máa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọ̀ nìkan ò tó láti fi mọ̀. Ó wọn bí omi inú ojú mi ṣe ń tì í, ó ya àwòrán ẹ̀yìn ojú. Glaucoma ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ó ti ń jẹ iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ. Ibi tó ti jẹ ò ní padà, àmọ́ oògùn tí à ń kán sójú lè dá a dúró.

Mo rántí bàbá mi n'Íbàdàn, tó máa ń jókòó síwájú ilé lọ́sàn-án gangan, tó ń bi ẹni tó bá kọjá pé ṣé ilẹ̀ ti ń ṣú ni. Gbogbo wa máa ń sọ pé ogbó ni. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún dókítà, ó ní ó lè jẹ́ pé ohun kan náà ni, kí n sọ fún àwọn ọmọ bàbá mi yòókù.

Ìyàwó mi ló wa mọ́tò padà. Pápá tẹ́ lọ rẹrẹ. Mo pa ojú ọ̀tún dé, mo là á, mo tún pa á dé. Búlúù ojú ọ̀run ń lọ, ó ń bọ̀.

Nígbà tí mo pe àbúrò mi ọkùnrin tó wà n'Íbàdàn, ó ní ojú òun mọ́ kedere, òun ń ka ìwé ìròyìn.

“Èmi náà ń kà á,” ni mo dá a lóhùn. “Ṣáà lọ ṣe àyẹ̀wò.”

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló pè.

“Ẹ̀gbọ́n, wọ́n rí i.”

Tirẹ̀ ti jìn ju tèmi lọ, àmọ́ ojú náà ṣì ń ríran. Ní báyìí, tó bá fẹ́ kán oògùn kó tó sùn, á pè mí. Ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wa. Á ní òun ti kán an, á sì pa ojú dé kó lè wọlé dáadáa. Èmi náà á pa tèmi dé, pẹ̀lú fóònù létí. A kì í sọ̀rọ̀ títí oògùn yóò fi wọlé.