Nọ́ọ̀sì Tó Ń Pa Wá Lẹ́rìn-ín

Ní ọsibítù Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ̀rín nọ́ọ̀sì àgbà yẹn a máa ṣáájú rẹ̀ wọ wọ́ọ̀dù. Ìlú aláìsàn ló fi ń pè é. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ki rọ́bà oníná bọ ìdí ọmọbìnrin mi láti wo ìfun rẹ̀, ó ní èjìká òsì ń dun òun.

"Ọmọ Ọ̀yọ́, ìdí la wò, èjìká ló ń dùn ẹ́? Afẹ́fẹ́ ni. Ṣáà só, á lọ!"

Gbogbo wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín. Ojú ti ọmọ mi, kò sọ̀rọ̀ mọ́. Nírọ̀lẹ́, ó dákú. Nígbà tí dókítà là á, ó rí i pé rọ́bà yẹn ti fa ọlọ inú rẹ̀, lábẹ́ ìhà òsì, ya. Ìrora rẹ̀ ló yọ léjìká. Ẹ̀jẹ̀ ti kún ikùn, ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Nọ́ọ̀sì dì mọ́ mi, ó ń sunkún: "Màmá, kí ló dé tí kò tún sọ?"