Èèpo Kòkó Tí Kò Gbọdọ̀ Ṣù

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, kí ìjọba tó sọ owó wa di náírà, páànù irin tí àwọn lébìrà fi ń ru kọnkéré kò ju ṣílè mélòó kan lọ. Ẹni tó bá rà á, ó ra ti ọmọ rẹ̀ mọ́ ọn ni. Lónìí, apá lébìrà kò ká páànù irin mọ́. Oníke ni wọ́n ń rà, ìyẹn gan-an sì ti wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún náírà, bẹ́ẹ̀ ni kì í pẹ́ tí ìdí rẹ̀ fi ń là. Sípíríìtì tí a fi ń ṣan ìgò ní láàbù nígbà náà, ọ̀fẹ́ ni, a máa ń dà á nù. Ní báyìí, bí wọ́n bá dárúkọ iye tí wọ́n ń ta gálọ́ọ̀nù kan fún mi, màá kọ́kọ́ wá ibì kan jókòó ná.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìkàrẹ́ ló jẹ́ kí n mọ̀ nípa páànù. A jọ ka kẹ́mísìrì ní Ìbàdàn. Àlàájì ni gbogbo ayé ń pè é. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ó ra ẹ̀rọ kan tó ń yọ́ ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ó sì ń tẹ ike tó yọ́ náà di páànù. Iṣẹ́ náà lọ dáadáa fúngbà díẹ̀, kí àwọn bíríkìlà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó páànù tó ti là padà wá. Wọn kì í bú u, nítorí àgbà ni. Wọn á kàn gbé àfọ́kù sílẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù, wọn á kí i, wọn á sì lọ. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní Èkó ní kó ta ẹ̀rọ náà, kó máa bọ̀ wá bá òun gbé. Àlàájì kò fẹ́ lọ. Èmi náà kò fẹ́ kó lọ. Ìyàwó mi ti kú, àwọn ọmọ mi ti túká, gbogbo Sátidé ni mo ń wọ mọ́tò láti Ọ̀kà lọ bá a ní Ìkàrẹ́. Bí páànù bá ń là lọ bẹ́ẹ̀, Èkó ló ń lọ nìyẹn.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń kọ́ni ní yunifásítì, ló mú ọ̀rọ̀ èèpo kòkó wá. Ó ní bí a bá fi sóódà sè é, tí a fọ̀ ọ́ títí ó fi funfun, tí a sì lọ̀ ọ́ kúnná gan-an, fọ́nrán kan wà nínú rẹ̀ tó tín-ín-rín débi pé ojú lásán kò lè rí i. Bí fọ́nrán yẹn bá wọ inú ike, yóò dì í mú bí irin ṣe ń di kọnkéré mú. Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kan wá fún wa. Ògì ni ẹ óò pè é bí ẹ bá rí i. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, omi kò sì gbọdọ̀ wọ inú ẹ̀rọ, torí ike tó yọ́ yóò máa hó, páànù yóò sì kún fún ihò. Àfi ká mú un gbẹ.

Ní Ọ̀kà, ta ni kò mọ nǹkan í sá? Orí àpáta la ti ń sá èlùbọ́. Mo tẹ́ ẹ sórí àpáta lẹ́yìn ilé mi nínú ọyẹ́. Kò pẹ́ tó fi gbẹ, ó sì gan bí èékánná. Mo gbé e lọ sí ilé ìlọta, ó padà wá bíi yanrìn. Páànù tí Àlàájì fi í ṣe ní ojú funfun kéékèèkéé káàkiri ìdí rẹ̀. Ojú funfun yẹn gan-an ló ti là nígbà tí a kó òkúta sí i.

"Dádì Ọ̀kà, omi ló bà á jẹ́," ọmọ Àlàájì obìnrin sọ fún mi. "Bó ṣe ń jáde, ó ń fa àwọn fọ́nrán náà mọ́ra. Bí wọ́n bá ti gbá ara wọn mú tán, kò sí ẹ̀rọ ìlọta tó lè tú wọn ká mọ́."

"Báwo lẹ ṣe ń ṣe é níbi iṣẹ́ yín?"

"A ní ẹ̀rọ tó ń sọ ọ́ di yìnyín, tí yìnyín náà yóò wá di oru láìkọ́kọ́ di omi. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé iná kì í dúró kó parí iṣẹ́."

Mo rántí láàbù wa. Bí a bá fẹ́ kí ìgò tútù tètè gbẹ, sípíríìtì la ń fi ṣàn án kó lé omi jáde. Sípíríìtì kì í fa nǹkan mọ́ra tó omi. Mo ní ká fi pààrọ̀ omi inú fọ́nrán yìí kó tó gbẹ. Ọmọ náà ní àwọn náà mọ ọ̀nà yẹn, àmọ́ ta ni yóò ra sípíríìtì?

Ẹnì kẹta wa, tó bá wa jókòó níbẹ̀, ló dáhùn. Òun nìkan ni obìnrin nínú àwa ará Àkókó tó wà ní kíláàsì kẹ́mísìrì wa ní Ìbàdàn. Ìṣùà ló ń gbé. Ipò prínsípà ló ti fẹ̀yìn tì, Prínsípà náà la sì ń pè é.

"Ṣé ògógóró kì í ṣe sípíríìtì ni?" ó ní.

Àlàájì dìde. "Ọtí? Nínú ṣọ́ọ̀bù mi?"

"Ta ló ní kí o mu ún? Èèpo kòkó ló fẹ́ mu ún."

"Bí ọlọ́pàá bá dá mi dúró lọ́nà Ìṣùà ńkọ́? Ṣé kí n ní èèpo kòkó ló rán mi?"

"Sọ pé Prínsípà ló rán ọ. Wọ́n mọ̀ mí."

"Ìyẹn gan-an ni yóò kó bá mi!"

A fẹnu kò sí i pé ẹ̀yìnkùlé mi ní Ọ̀kà la ó ti máa lo ọtí náà, kí Àlàájì gba ìyẹ̀fun nìkan nígbà tí òórùn bá ti tán lára rẹ̀.

Omi ṣì pọ̀ nínú ògógóró, nítorí náà Prínsípà tún un sè lẹ́yìn ilé rẹ̀, ó ń gba oru rẹ̀ látẹnu páìpù kọ́pà. Òórùn gba àdúgbò kan. Ìyàwó páṣítọ̀ wọn yà kí i lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó rọra bi í bóyá owó ìfẹ̀yìntì ni kò wọlé.

"Ó wọlé o, Màmá," ni Prínsípà wí. "Páànù la fẹ́ fi ṣe."

Ìyàwó páṣítọ̀ ní àwọn yóò máa rántí rẹ̀ nínú àdúrà.

A da sípíríìtì náà sórí fọ́nrán, a rò ó pọ̀, a fi sílẹ̀, a fi aṣọ jọ̀ ọ́, a tún da òmíràn sí i, títí omi fi tán nínú rẹ̀. A wá fún sípíríìtì ara rẹ̀ jáde, a tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ ṣí, jìnnà sí iná, a sì ń fi ọwọ́ ra á bó ṣe ń gbẹ. Kò gan. Ìyẹ̀fun funfun ló dà, ó fúyẹ́ débi pé Prínsípà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sín nítòsí rẹ̀. Sípíríìtì tí a jọ̀ kúrò, Prínsípà tún un sè, a sì tún lò ó. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a kì bá lè ra ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Àlàájì gbé ìyẹ̀fun náà sí imú títí kó tó gbà á. Ọmọ rẹ̀ obìnrin po nǹkan kan bí ìda mọ́ ọn, kí ike lè gbà á mọ́ra. Páànù tó jáde kò ní ojú funfun kankan. A ránṣẹ́ sí bíríkìlà tó dá àfọ́kù padà kẹ́yìn. Ó ro kọnkéré kún un, ó gbé e dórí, ó sì jù ú sílẹ̀ látibẹ̀. Páànù náà tẹ̀, kò là. Ó tún jù ú. Etí rẹ̀ funfun díẹ̀ níbì kan, ìdí rẹ̀ kò mira. Ọkùnrin náà da kọnkéré inú rẹ̀ nù, ó gbé páànù sí abíyá, ó sì ń lọ.

"Níbo lò ń gbé e lọ?" ni Àlàájì pè é.

"Ibi iṣẹ́ ni, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, irú rẹ̀ ni kí ẹ máa ṣe."

Níṣojú wa ni Àlàájì ti pe ọmọ rẹ̀ ní Èkó. Ó ní, "Mi ò bọ̀ mọ́ o. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi."

Iṣẹ́ náà kò sọ ọ́ di olówó. Ìyẹ̀fun wa kò tó ṣe ju páànù díẹ̀ lọ lóṣù, ṣùgbọ́n àwọn bíríkìlà ń wá a wá, ẹ̀rọ kò sì di títà. Ìkàrẹ́ ni Àlàájì wà títí ó fi kú nínú yàrá ara rẹ̀ níparí òjò èṣí, wọ́n sì sin ín kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Nínú àwa ará Àkókó tó wà ní kíláàsì wa ní Ìbàdàn, èyí tó wá láti Èsé ti kú tipẹ́, kò tíì níyàwó nígbà náà. Ti Ìfirà wà láàyè ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní kì í dá ènìyàn mọ̀ mọ́. Àlàájì ti lọ. Prínsípà wà ní Ìṣùà, orúnkún ló ń dà á láàmú. Èmi náà wà.