Télọ̀ Tó Ń Nájà Láti Òkè Gọ́tà

Mo rántí ìgbà tí ṣọ́ọ̀bù tí kò ní orin tirẹ̀ ní Malu Road dà bí ilé tí wọ́n kọ́ tí wọ́n gbàgbé ilẹ̀kùn. Láàárọ̀, kí ẹni tó máa ṣíjà tó dé, ẹ ó ti máa gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Olórin. Ó ti ru ẹrù ní ebúté Àpápá títí èjìká rẹ̀ kan fi ga ju èkejì lọ, nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì ní ó tó gẹ́ẹ́, ohùn nìkan ló kù tó lè fi jẹun. Á gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré kan kọ́ ọrùn, á dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù, á máa kọrin nípa ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ àti ìwà àwọn tó ń rà á. Kò gba owó. Ohun tí ṣọ́ọ̀bù bá ń tà ni wọ́n fi ń dá a lóhùn. Oníbúrẹ́dì á fún un ní búrẹ́dì, oníbọ́tìnì á fún un ní bọ́tìnì, débi pé kò sí bọ́tìnì méjì tó jọra lára ẹ̀wù rẹ̀. Ọkùnrin tó ń ta pósí nítòsí Liverpool Road bẹ̀ ẹ́ títí pé kó wá kọrin fún òun náà. Ó ní rárá, òun ò tíì ṣe tán láti gba ẹ̀bùn.

Àwọn orin yẹn kì í dúró sí ṣọ́ọ̀bù. Èyí tó bá dùn á dé ẹnu àwọn awakọ̀ tírélà, á gba ibẹ̀ wọ Ajégúnlẹ̀, kí ẹ sì tó mọ̀, àwọn obìnrin ti ń fi fọ aṣọ. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni ti oníbàárà tí kì í rà:

Ó wọlé, ó kí wa,
ó fọwọ́ kan gbogbo rẹ̀,
ó ní, "Ẹ bá mi gbé e pamọ́, mò ń bọ̀."
Ọjà tú, a ò rí i.

Kò sí ẹnikẹ́ni ní àdúgbò yẹn tí kò tíì sọ "mò ń bọ̀" fún oníṣọ́ọ̀bù rí, nítorí náà gbogbo wa la jọ ń kọ ọ́, tí olúkúlùkù sì ń wo ojú ẹnìkejì. Èmi náà kọ ọ́ kíkankíkan. Mi ò mọ̀ pé orin tèmi wà lọ́nà.

Iṣẹ́ náà ní òfin kan. Bí orin bá mú ènìyàn, ẹ̀bẹ̀ kì í yọ ọ́, ẹ̀bùn kì í yọ ọ́. Àfi kí ẹni náà ṣe òdìkejì ohun tí orin sọ, lójú olórin fúnra rẹ̀. Ìgbà náà ló máa kọ tuntun fún un. Obìnrin kan tó ń ta ìrẹsì, tí orin ní àtàǹpàkò rẹ̀ máa ń wà nínú kóńgò tó bá ń wọn ọjà, ní láti wọn ìrẹsì lójú gbogbo ènìyàn pẹ̀lú ọwọ́ kan lẹ́yìn kí wọ́n tó fi í lọ́rùn sílẹ̀.

Iṣẹ́ télọ̀ ni mo ń ṣe. Mo kàwé dé ibi tí mo lè kọ ìwọ̀n àyà àti ìbàdí sílẹ̀ láìṣì í kọ, ìyẹn sì tó mi. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lẹ́bàá títì gan-an, níbi tí àwọn tírélà ti ń yà wá láti ebúté. Mo yan ibẹ̀ kí èrò lè máa rí mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń lọ aṣọ lọ́wọ́, oníbàtà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì ń kọ orin oníbàárà tí kì í rà bó ṣe máa ń kọ ọ́. Ó ti dé ibi tí ọjà ti tú. Kọ̀ntéènà kan já kúrò lẹ́yìn tírélà, ó sì dùbúlẹ̀ lé ìlà ṣọ́ọ̀bù wa lórí. Tábìlì tí mo fi ń lọ aṣọ ló gba òrùlé dúró lórí mi. Nígbà tí wọ́n fà mí jáde, àyọ́ọ̀nù ṣì wà lọ́wọ́ mi, wọ́n ní mo ń bi wọ́n léèrè ṣáá bóyá aṣọ oníbàárà ò jó. Oníbàtà kò jáde. Mi ò fẹ́ sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Láti ọjọ́ náà, ẹsẹ̀ mi kọ òrùlé ṣọ́ọ̀bù. Ilé kò bà mí lẹ́rù, nítorí àdúgbò tí mò ń gbé ní Ajégúnlẹ̀ há débi pé tírélà ò lè wọ ibẹ̀ láéláé. Ohun tí a máa ń ṣépè fún tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí mò ń dúpẹ́ fún. Mo gbé máṣìnnì sí ẹnu ọ̀nà ilé, mo ń ránṣọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n télọ̀ kò lè ran òwú fúnra rẹ̀. Òwú, síìpù àti bọ́tìnì, ọ̀dọ̀ Ìyá Olówùú la ti ń rà wọ́n, ìyá àgbàlagbà kan tó ti ń tajà ní Malu Road kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́. Kọ̀ntéènà yẹn kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bí mo bá dé ibẹ̀, màá dúró sí òkè gọ́tà, ní ìhà títì, màá nahùn pe ohun tí mo fẹ́. Ìyá á dìde, á di orókún méjèèjì mú, á gba orí pákó tó wà lórí gọ́tà sọdá wá bá mi. Bí àwọ̀ òwú náà kò bá bá aṣọ mu, á padà lọ mú òmíràn.

Ohun tí mo pè ní ọgbọ́n nìyẹn. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ìyá Olówùú ní òun ò rí irú ìṣọ́ra báyìí rí, kí ẹni tó ń sá fún tírélà lọ dúró sójú ọ̀nà tírélà. Mo ní níta, ó kéré tán, màá rí i kó tó dé. Ìyá wò mí, ó wo títì lẹ́yìn mi, ó ní kí n máa bá wíwò mi lọ.

Ìgbà yẹn ni orin mú mi. Bàbá Olórin kò sọ fún mi. Ìyàwó mi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, ó ń gé ilá, ó ń kọ ọ́ láìfura:

Télọ̀ wa dúró lókè gọ́tà,
ó ń ná òwú bí ẹni ń ná màlúù.
"Ìyá, ẹ gbé e wá kí n fojú kàn án!"
Ẹsẹ̀ télọ̀ gbàgbé ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tó rí ojú mi, ó dákẹ́, ó wá ní, "Ẹ má bínú. Ó dùn ni."

Ó dùn lóòótọ́, ìyẹn gan-an ni wàhálà rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ọlọ́kadà fi ń kígbe "Òkè Gọ́tà!" bí mo bá ń kọjá. Mo fara da ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ wọn kúrò. Wọ́n ní télọ̀ tí kò lè wọlé lọ yan òwú, àwọ̀ wo ló máa fi rán tàwọn? Aṣọ tó wà nílẹ̀ ń dín kù, ìyàwó mi kò sì kọrin mọ́ tó bá ń gé ilá. Mo tiẹ̀ lọ béèrè iṣẹ́ ọlọ́dẹ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Kirikiri. Ọ̀gá ibẹ̀ bi mí léèrè ohun tí màá ṣe bí olè bá dé. Mo ní màá rí i kó tó dé. Ó ní òun gbọ́, kí n máa lọ sílé. Bí n kò bá rí ẹsẹ̀ mi gbé wọ ṣọ́ọ̀bù, iṣẹ́ tí mo fi ọdún ìgbà èwe mi kọ́ ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Aṣọ ìyàwó kan ló kù lọ́wọ́ mi, ti ọmọbìnrin kan tó ní òun ò fetí sí orin. Ó ku síìpù. Mo lọ dúró ní òkè gọ́tà gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, mo pe Ìyá. Kò dáhùn. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, sálúbàtà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀pá tó fi ń rìn sì dùbúlẹ̀ nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo tún pè. Mo wo òsì, mo wo ọ̀tún. Obìnrin tó ń ta súyà adìyẹ nítòsí fojú sí iná rẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́. Ọkùnrin kan tó ń fẹ́ táyà ní, "Ọ̀gá télọ̀, abẹg, wọlé lọ wò ó jàre," ó sì ń fẹ́ táyà rẹ̀ lọ.

Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni orin oníbàtà, bó ṣe dákẹ́ sí ààrin. Mi ò rántí bí mo ṣe sọdá pákó orí gọ́tà yẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo bá ara mi nínú ṣọ́ọ̀bù, lábẹ́ òrùlé, mò ń mí bí ajá, Ìyá Olówùú sì jókòó sórí àpótí, ó ń jẹ àgbàdo sísun. Bàbá Olórin jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú tirẹ̀ lọ́wọ́.

"Jókòó," Ìyá wí. "Tìrẹ wà nínú bébà yẹn."

"Ìyá, mo pè yín títí."

"Mo gbọ́. Gbogbo Malu Road ló gbọ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò dá mi lóhùn? Mo rò pé ẹ ti…"

"O rò pé mo ti kú, o wá wọlé. Ìgbà tí mo wà láàyè, o ò wá." Ó nu ẹnu. "Orókún mi ò lè sọdá pákó yẹn mọ́, ọmọ mi. Bí mo bá sì pè ọ́, o ò ní wọlé. Ni mo bá fi àìpè pè ọ́."

Inú bí mi. Mo ti la ẹnu láti sọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ọmọdé sọ sí àgbà, ni tírélà kan kọjá. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù mì. Àwọn òwú ń lu ara wọn nínú àpótí wọn. Mo di pákó pẹpẹ ọjà mú, Ìyá sì di ọrùn ọwọ́ mi mú, kò jẹ àgbàdo, títí ariwo fi lọ tán pátápátá. Lẹ́yìn náà ló wá fi mí sílẹ̀.

"Síìpù funfun ni, àbí àwọ̀ wàrà?"

Mo ní funfun. Ó ní kí n dìde lọ mú un fúnra mi, ó wà lára ìṣó lẹ́yìn.

Bàbá Olórin mi orí. "Télọ̀, o ti ba orin mi jẹ́. Orin yẹn ló ń bọ́ mi láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò."

Ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Lọ́jọ́ kejì, ó kọ tuntun, pé télọ̀ ti wọlé, àgbàdo sì jẹ́rìí sí i.

Ó ti pẹ́ díẹ̀. Bàbá Olórin ti sinmi, Ìyá náà ti sinmi, ibi tó ti ń ta òwú ti di ibi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe. Mo ní ṣọ́ọ̀bù tèmi báyìí nínú Ajégúnlẹ̀, tó jìnnà sí títì, ilẹ̀kùn méjì ló sì ní. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Bí mo bá dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí, màá dúró díẹ̀, màá wo òrùlé, màá wá ọ̀nà ẹ̀yìn kí n tó wọlé.

Bẹ́ẹ̀ ni mo dúró láìpẹ́ yìí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà ńlá kan ní Àpápá. Ọmọbìnrin tó ń ta òwú níbẹ̀ ń dá kọrin, ti òkè gọ́tà ni. Orin tuntun yẹn kò rí ẹni tó tọ́jú rẹ̀. Ìgboyà kì í dùn lórin bí ẹ̀rù ṣe ń dùn. Ó gbójú sókè, ó rí mi.

"Dádì, ẹ wọlé nà. Ẹ ti dà bíi télọ̀ inú orin."

Mo bi í léèrè bóyá ó mọ̀ pé télọ̀ yẹn padà wọlé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀.

Mo ní ìyá kan tó ń jẹ àgbàdo níbẹ̀ ni. Mo tún wo òrùlé lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì wọlé lọ yan òwú mi.