Ìlà Ṣọ́ọ̀kì Méjì Lára Ṣòkòtò

Ọdún mẹ́rìnlélógún ni télọ̀ kan ti fi jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kan. Bí oníbàárà bá ní òun kò sanra, pé aṣọ ló sún kì, a rẹ́rìn-ín, a ní, "Téèpù kì í parọ́." Ohun tí wọ́n sì fi ń pè é nìyẹn: Téèpù-kì-í-parọ́.

Nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀jẹ̀ ń bá a jáde. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó yàgbẹ́ tó ìgbà mẹ́wàá kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyàwó rẹ̀, tó máa ń rán bọ́tìnnì ní ìkangun tábìlì, ní kí wọ́n lọ rí dókítà. Ó ní tó bá di ọ̀la. Ọ̀la dé, ó tún ní ọ̀la.

Lọ́jọ́ keje, ìgbẹ́ náà dá. Inú rẹ̀ pa rọ́rọ́ bí ilé tí àwọn ọmọ ti jáde lọ. Ibà gbé e, ó ń léfòó. Ìró ẹ̀rọ di òjò lórí páànù, aṣọ funfun iwájú rẹ̀ di odò, abẹ́rẹ́ ń lúwẹ̀ẹ́ lọ bí ẹja wẹ́wẹ́. Ó rò pé ara ló ń yá. Ṣòkòtò nìkan ló ń fún un. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí ìbàdí rẹ̀, ó tú u, ó rán an kó lè fẹ̀ sí i. Kò pẹ́, ó tún fún un. Ó bọ́ ọ, ó fa ìlà mìíràn.

Ìyàwó rẹ̀ mú ṣòkòtò náà láti rán bọ́tìnnì rẹ̀. Ó rí ìlà méjì. Ó béèrè ẹni tó ni ín. Ọkọ ní òun ni, pé aṣọ náà ló sún kì.

Obìnrin náà yọ téèpù lọ́rùn ọkọ rẹ̀, ó fi yí i nínú. Íǹṣì mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ìbàdí ọkùnrin yìí láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ. Ó ti di mọ́kàndínlógójì. Ikùn náà le bí bọ́ọ̀lù.

"Bàbá wọn, èsì wo lẹ máa ń fún oníbàárà tó bá sọ bẹ́ẹ̀?"

Ọkọ wo nọ́ńbà tó wà lára téèpù. "Téèpù kì í parọ́."

"Ẹ dìde, ká máa lọ."

Nílé ìwòsàn, dókítà obìnrin kan gbọ́ gbogbo àlàyé wọn. Ó ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń sáré, ó fi ẹ̀rọ etí gbọ́ inú rẹ̀ wò, kò gbọ́ ìró kankan. Télọ̀ ní ó ti san, ìgbẹ́ ti dá.

"Kò san, bàbá. Ó ti rẹ ìfun yín, kò lè ti nǹkan jáde mọ́."

Wọ́n ya àwòrán inú rẹ̀. Ìfun ńlá ti fẹ̀ bí apá aṣọ tí atẹ́gùn kún. Dókítà ní bó bá ya, májèlé ni yóò dà sínú ikùn. Wọ́n fa oògùn sí i lára, wọ́n ní bí wíwú náà kò bá lọ sílẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́ta, àwọn yóò gé ìfun náà kúrò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, láti inú ibà, ó béèrè iye íǹṣì tí ikùn òun jẹ́. Nọ́ọ̀sì ní wíwú náà ti ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ẹni tó ti fi téèpù wọ̀n ọ́n láàárọ̀ náà.

"Mọ́kàndínlógójì náà ni," obìnrin náà wí.

Ọkọ gbà. Ó ní kí wọ́n gé e.

Ó ti padà sídìí ẹ̀rọ báyìí. Àpò kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn rẹ̀ tí ìgbẹ́ ń gbà jáde, òun fúnra rẹ̀ ló gé ìbàdí ṣòkòtò kó lè gbà á. Bí oníbàárà bá ní aṣọ òun sún kì, kì í rẹ́rìn-ín mọ́. A wọ̀n ọ́n, a wá béèrè bí inú ṣe ń ṣe é.