Gbohùngbohùn Tí A Yàn Nítorí Ohùn Bàbá Mi

Ní Kétu, ní àwọn ọdún tí mò ń sọ yìí, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yan gbohùngbohùn, ìyẹn àpótí sípíkà. Oníbàárà á gbé àpótí náà sókè, á sọ ọ́ kalẹ̀, á mi orí: bí ó bá ti wúwo, ojúlówó ni. Ẹni tó ń tà á á wá fi orin sí i títí àyà gbogbo ẹni tó wà nítòsí yóò fi máa mì, ọjà á sì tà. Kò sí ẹni tó ń béèrè ohun tó wà nínú àpótí. Ọ̀lẹ ọpọlọ ni mo ka ìwà yìí sí nígbà náà, n kò sì tíì rí ìdí tí n óò fi pè é ní orúkọ mìíràn.

Nígbà tí ìjọ wa ní Ìkòsí fẹ́ ra gbohùngbohùn gidi, wọ́n fi mí sínú ìgbìmọ̀ nítorí pé mo kàwé. Wọn kò retí pé n óò sọ̀rọ̀. Mo gbà nítorí bàbá mi. Àwọn ló ń ka Bíbélì fún ìjọ láti ìgbà tí a ti ń jọ́sìn lábẹ́ àtíbàbà. Àìsàn kan ti sọ ohùn wọn di tín-ín-rín, àwọn tó jókòó lẹ́yìn kò gbọ́ wọn mọ́, àwọn alàgbà sì ti ń sọ láàárín ara wọn pé kí ẹlòmíràn máa kà á. Lójú tèmi, ẹ̀rọ ògbólógbòó tó wà lára ògiri ló jẹ̀bi. Bí a bá ra èyí tó péye, Bàbá kò ní kúrò nípò wọn.

Alága ìgbìmọ̀ wa ń ta tòmátì àti àlùbọ́sà ní Mile 12. Èmi pẹ̀lú wọn la jọ lọ sí ìsọ̀ kan ní Kétu. Alága gbé àpótí dúdú ńlá kan, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín.

"Aunty Yunifásítì, wá gbé e wò. Eléyìí kì í ṣe ẹrù ọ̀lẹ."

"Daddy, kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Ohùn ló wà níbẹ̀! Kí lo fẹ́ kó wà níbẹ̀, gàrí?"

Mo sọ fún ọlọ́jà pé mo fẹ́ rí ohun mẹ́ta: bí òòfà ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, bóyá kọ́pà ni wáyà tí wọ́n wé sínú rẹ̀, àti pátákó kékeré tó ń pín ohùn tó rinlẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó tín-ín-rín.

"Aunty, sípíkà kì í ṣe adìẹ tí wọ́n ń la inú ẹ̀ wò. Tẹ́ ẹ bá ní ká tú u, ẹ ti rà á nìyẹn."

Mo kọjú sí alága. "Daddy, bí wọ́n bá gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì dé láti Òkè Ọya, ṣé ẹ máa ń kàn gbé e sókè ni, kí ẹ sì gbà á?"

"Ṣé orí mi ti dàrú ni? Màá dà á sílẹ̀ ni. Ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀ lolè ń gbé."

"Ta ló wá da ìsàlẹ̀ eléyìí sílẹ̀?"

Wọ́n wò mí. Wọ́n wo àpótí náà. "Ọ̀gá, tú u."

"Daddy, ẹ má dá Aunty yìí lóhùn o—"

"Mo ní kó o tú u!"

Kọnkéré ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ àpótí náà. Òòfà rẹ̀ kò ju ìdérí agolo mílíìkì lọ. Kò sí pátákó kankan. Wáyà méjì ni wọ́n kàn lọ́ pọ̀. Alága kúnlẹ̀, wọ́n fi ìka kan kọnkéré náà.

"Àwa, ewé gbígbẹ ni wọ́n ń kó sí abẹ́ tòmátì fún wa. Ìwọ wá ń kó òkúta sábẹ́ orin!"

Inú bí wọn ju èmi lọ. Irú irọ́ tí wọ́n ń pa nínú ọjà tòmátì tiwọn ni, wọn kò sì dá a mọ̀.

Ní ìsọ̀ kẹta, ọlọ́jà fúnra rẹ̀ ló tú tirẹ̀ fún wa. Àpótí náà kéré, ṣùgbọ́n òòfà rẹ̀ fẹ̀ bí àwo ọbẹ̀, kọ́pà gidi ni wáyà rẹ̀, pátákó rẹ̀ sì pé. N kò jẹ́ kí wọ́n fi orin sí i. Alága dúró sí òdìkejì títì, mo ka ọ̀rọ̀ tó wà lára páálí sínú máíkì, wọ́n sì tún gbogbo rẹ̀ kà fún mi láìfo ọ̀kan. Ìyẹn la rà.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, ohùn Bàbá dé ẹnu géètì. Bẹ́ẹ̀ náà ni èémí tí wọ́n ń mí láàárín ọ̀rọ̀ dé ibẹ̀, àti ìlà tí wọ́n fò tí wọ́n sì padà sí, àti bí ohùn náà ṣe ń gbọ̀n. Ariwo ẹ̀rọ àtijọ́ ló ti ń bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bàbá gbójú sókè wo àpótí tó wà lára ògiri, wọ́n sì kà á parí.

Nílé, Bàbá béèrè pé, "Ṣé bí ohùn mi ṣe rí nìyẹn?"

Mo dáhùn pé ẹ̀rọ náà kì í fi kún un, kì í sì í yọ kúrò.

"Ó ti tó bẹ́ẹ̀."

Bàbá fúnra wọn ló lọ sọ fún àwọn alàgbà pé kí ẹlòmíràn máa kà á, kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún wọn. Àwọn alàgbà sì yìn mí pé mo mọ ẹ̀rọ yàn. Láti ìgbà náà, ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá ni Bàbá ń jókòó sí, tíṣà ọ̀dọ́bìnrin kan ló sì ń ka Bíbélì. Bàbá ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ ketekete. Bí a bá ti ń lọ sílé, wọ́n á máa to àṣìṣe tíṣà náà fún mi, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí a ó fi dé ẹnu ọ̀nà.