Òwú Pupa Inú Páìpù

Ẹnu mi yá púpọ̀. Ìyá mi máa ń sọ pé bí wọ́n bá sọ mí sínú òkun, màá bá ẹja jà níbẹ̀. Àdúgbò Mamobi ni mo ti ń ṣe fítà, a ń tún ọkọ̀ ṣe, láti ìgbà èwe mi. Òfin kan ṣoṣo ni mo sì fi kọ́ gbogbo ọmọṣẹ́ mi: kí o tó dárúkọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀, kọ́kọ́ béèrè ẹni tó fọwọ́ kàn án kẹ́yìn.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Hájíà kan wọ ṣọ́ọ̀bù mi tìbínú-tìbínú. Ọ̀rẹ́ ìyá mi ni. Agboolé kan náà ni wọ́n jọ gbé ní Nima fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìyá mi tó kú. Ọkọ̀ dísẹ́lì alátọ́bò ló ń wà, ẹní ló fi ń kó lọ sí Koforidua.

"Ọkọ̀ mi ò lágbára mọ́," ló wí. "Mo tẹ ẹ́ títí lórí òkè Peduase, ó ń rìn bí aboyún. Ọkọ̀ tirotiro tó kún fún èrò kọjá lára mi, wọ́n ń juwọ́ sí mi! Èéfín dúdú sì ń tú lẹ́yìn mi."

Mo ní, "Ta ló fọwọ́ kàn án kẹ́yìn?"

Ó ní ọkọ àfẹ́sọ́nà ọmọ òun ni. Ọmọṣẹ́ mi àtijọ́ lẹni tó ń wí. Ó ti gba fírídọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ mi, ó pàgọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn mọ́ṣáláṣí, àwọn oníbàárà mi sì ń tẹ̀ lé e lọ níkọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí wọ́n so yìgì òun àti ọmọbìnrin Hájíà. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló pààrọ̀ rèdíétọ̀ ọkọ̀ náà.

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo yọ asẹ́ afẹ́fẹ́, ó mọ́. Asẹ́ epo, tuntun ni. Mo nawọ́ sí tọ́bò, ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì. Mo fi ìka yí abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀, ó yí. Mo rí i pé àwọn nọ́ọ̀tì rẹ̀ ti dípẹtà, kò jọ èyí tí ẹnikẹ́ni ṣí láìpẹ́. Mo rí i o! Ṣùgbọ́n inú ń bí mi sí ọmọ náà. Mo lanu níwájú gbogbo àwọn tó jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò, mo ní, "Hájíà, ó ti yọ tọ́bò yín, ó ti fi àlòkù sí i. Olè ni àna yín."

Ẹyin lohùn. Hájíà káwọ́ lérí. "Èmi? Kí n fọmọ fólè?" Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo Mamobi ti gbọ́ pé kò sí yìgì mọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọ náà dé pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, Hájíà ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ojú ọmọ náà pọ́n. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi gbalaja. Ó ní, "Másítà, ẹ ti ba orúkọ mi jẹ́, mi ò bá yín jà. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò lójú gbogbo ayé."

"Yẹ̀ ẹ́ wò! Ṣé mo dì ọ́ lọ́wọ́ mú ni?"

Ó ní kí Hájíà wọnú ọkọ̀, kó tẹná mọ́ ọn. Èéfín dúdú bo gbogbo wa. "Másítà, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi: èéfín dúdú, epo pọ̀, afẹ́fẹ́ ò tó. Ẹ fọwọ́ síbí." Ó gbé ọwọ́ mi lé páìpù rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ bọ̀ láti ọ̀dọ̀ tọ́bò. Ó le gbagidi. Ó tún gbé e lé ìkángun kejì, níbi tó ti wọ ẹ́ńjìnnì. Ó rọ̀ bí ìfun òfìfo. Tọ́bò ń ṣiṣẹ́. Nǹkan ló dínà mọ́ afẹ́fẹ́ láàárín.

Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì. Ó tú páìpù náà, ó ti ìka méjì bọ̀ ọ́, ó fa àkísà kan jáde. Ó dúdú, epo ń kán lára rẹ̀ tótó. Àwọn èèyàn pariwo, "Kai!" Ó tẹ́ ẹ sórí bọ́ńpà. Inú ìṣẹ́po rẹ̀ ò tíì dúdú: aṣọ aláwọ̀ ewé ni, ó ní ẹyẹ lára. Létí rẹ̀, wọ́n fi òwú pupa rán ìlà mẹ́ta.

Ìró ìyá mi ni! Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń fi òwú pupa sétí gbogbo aṣọ rẹ̀, kí àwọn ará ilé má baà ká a mọ́ tiwọn lórí okùn. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni mo gé èyí tó gbó jù ṣe àkísà. Gbogbo rẹ̀ wá sọ sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣáájú ààwẹ̀, Hájíà gbé ọkọ̀ wá, mo tú páìpù yẹn fọ̀. Wọ́n pe ìrun Alásárì. Mo fi àkísà dí ẹnu rẹ̀ kí eruku má wọlé, mo sáré lọ kírun. Nígbà tí mo dé, mo de páìpù padà. Mo dè é pẹ̀lú àkísà nínú! Ó ní láti jẹ́ pé àkísà náà fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ síbẹ̀ títí ọmọ yìí fi mi iwájú ọkọ̀ láti pààrọ̀ rèdíétọ̀, ló bá yí dínà. Mo kú! Èmi!

Ọmọ náà wo òwú pupa, ó wò mí. Ọdún mẹ́rin ló fi jẹ oúnjẹ ìyá mi. Ó mọ̀ ọ́n. Ó yíjú sí Hájíà, ó ní, "Ẹ má bínú, Ìyá. Èmi ni mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Mi ò jalè, àṣìṣe ni."

Háà! Ẹni tí mo pè lólè ló ń ru ẹ̀bi mi. Èmi ni Hájíà ń wò. Kí n ṣáà dákẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ti tán. Ṣé kí n parọ́ fún yín? Mo dákẹ́. Mo dákẹ́ títí eṣinṣin fi bà lé mi lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni mo ní, "Irọ́ ló ń pa. Tèmi ni."

Mo dọ̀bálẹ̀ fún ọmọṣẹ́ mi lórí iyanrìn elépo. Òun náà sáré dọ̀bálẹ̀, ó ń ké, "Másítà, ẹ dìde, ẹ má pa mí!"

"Ọmọ yìí ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ kí ìyá rẹ tó kú," ni Hájíà wí lókè orí wa. "Ibo ni ì bá ti rí àkísà yẹn? Ẹnu rẹ ni mò ń dúró dè."

Wọ́n so yìgì. Lójú gbogbo ìjókòó ọjọ́ náà, Hájíà pè mí, ó gbé aṣọ kékeré kan lé mi lọ́wọ́. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́, òwú pupa ò tú. Ó ní, "Má fi nu ọkọ̀ mọ́. Máa fi nu ẹnu rẹ."