Ọjọ́ Tí A Pa "Ilẹ̀" Rẹ́, Tí A Kọ "Imú"

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní Ọjọ́bọ̀ kan nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Ibi ìpẹran tó wà láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n la pé sí láti fẹ̀hónú hàn. Bíríkìlà ni mí. Èmi àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ẹgbẹ́ mi ti Ìlobù wá. Gàníyù, tó ń kọ pátákó ṣọ́ọ̀bù ní Òṣogbo, ló gbé pátákó wa dání. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Ràmọ́tù, tó ti wà nílé ọkọ ní Ìfọ́n láti ìgbà èwe, kó àwọn obìnrin àti ọkùnrin àdúgbò rẹ̀ wá. Ilé rẹ̀ ló sún mọ́ ibi ìpẹran náà jù.

Táyà ògbólógbòó ni àwọn alápatà fi ń sun awọ màlúù. Èéfín rẹ̀ dúdú, ó ń wọ yàrá, ó ń bà lé aṣọ tí a sá. Lẹ́yìn náà, a óò ra awọ kan náà ní pọ̀nmọ́, a óò fi se ọbẹ̀. A ń fi imú fa oró, a sì ń fi ẹnu jẹ ìyókù. Èémí ẹ̀gbọ́n mi ti ń há. Nọ́ọ̀sì ní kó jìnnà sí èéfín. Ó dá a lóhùn pé inú ilé òun ni èéfín ń wá bá òun. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, ẹ̀gbọ́n mi yìí nìkan ló kù tó ń pè mí lórúkọ.

A ò tíì pariwo rárá tí ọ̀rọ̀ fi bẹ́ sílẹ̀. Gàníyù ti kọ ọ́ gàdàgbà pé: Ẹ MÁ SUN TÁYÀ NÍ ILẸ̀ WA MỌ́. Àwọn obìnrin Ìfọ́n kà á, wọ́n dúró sójú kan.

"Wa ta ni?" Ẹ̀gbọ́n mi ló bèèrè.

"Gbogbo wa ni, ìyá," Gàníyù dáhùn.

"Ìwọ tó kọ ọ́, ọmọ ìlú wo ni ọ́?"

"Ọmọ Ìlobù ni mí, mà."

"Ẹ ò rí i. Ó ti fi ọ̀dà gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wa."

Àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan nínú tiwa sọ látẹ̀yìn pé, "Ṣé irọ́ ló pa ni?" Ẹ̀rín tán. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka èyí mọ ibi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń já sí láàárín ìlú méjèèjì.

Mo bi Gàníyù pé, "Ọ̀dà dà?"

"Ó wà níbí."

"Pa ilẹ̀ rẹ́."

"Kí n wá kọ kí ni síbẹ̀?"

Mo fọwọ́ kan imú mi. Ó kọ ọ́: Ẹ MÁ SUN TÁYÀ SÍ IMÚ WA MỌ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kà á tán. "Ìyẹn, a ò ní bá yín dù ú," ló wí. Ó bọ́ síwájú.

Wolé-wolé láti ọ̀kan nínú kánsù ìlú méjèèjì dé pẹ̀lú olórí àwọn alápatà. Wolé-wolé ní, "Mo ti gbọ́ tiyín. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kánsù wo lẹ dúró sí yìí? Ẹ fẹnu kò sórí ìyẹn, a máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́la."

Ó mọ ohun tó ń ṣe. Láti ayé àwọn baba wa ni ìlú méjèèjì ti ń du ilẹ̀. Nígbà tó wá di ti èéfín, kánsù méjèèjì ní àwọn ò nílẹ̀ níbẹ̀.

Ará Ìlobù kankan kò fọhùn. Ará Ìfọ́n kankan kò fọhùn. Títí di òní, n kò tíì rí ìjà tó le ju ìdákẹ́ yẹn lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ló wá sọ̀rọ̀.

"Ọ̀gá, ẹ fa èéfín yìí símú dáadáa. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn ìlú kan nínú rẹ̀, ẹ wá sọ fún wa."

Olórí alápatà ní, "Ìyá, pọ̀nmọ́ tí ẹ̀ ń jẹ, ṣé oòrùn la ó máa fi sun ún?"

"Ẹ fi igi sun ún. Ẹ fi gáàsì sun ún."

"Á wọ́n o."

"Kó wọ́n. Oògùn mi náà wọ́n."

A ò kúrò níbẹ̀. Nígbà tí ìrun Àílà tó, ibẹ̀ náà la ti kí i, àwọn ọkùnrin Ìlobù àti Ìfọ́n lórí sàfù kan, ìlà kan náà, àwọn obìnrin lẹ́yìn wa. Lẹ́yìn ìrun ni olórí alápatà búra lójú gbogbo wa pé táyà ti tán.

Ìbúra yẹn ni a jèrè, àti sàfù yẹn. Èémí ẹ̀gbọ́n mi kò padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, a sì ti jẹ ohun tí a ti jẹ. Kánsù méjèèjì ṣì jẹ wá ní òfin tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò tíì fọwọ́ sí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n n ò ní dákẹ́ lórí èyí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kírun Àsùbá tán, mo gun ọ̀kadà lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi. Èéfín dúdú ti gòkè níbi ìpẹran, láìka ìbúra àná sí. Mo gbé garawa ẹ̀gbọ́n mi, mo fa omi nínú kànga, mo lọ dà á sórí táyà tó ń jó.

Alápatà kan wò mí. "Bàbá, a ṣì ní òmíràn o."

"Mo rí i."

Ó ju òmíràn síná. Mo padà sídìí kànga.